Wọ́n Lé Eguavoen Kí Inú Wa Lè Rọ̀

Ẹsẹ̀ la fi rìn kúrò ní pápá ìṣeré Moshood Abiola lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2022, lẹ́yìn tí Gánà gba ààyè Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mọ́ wa lọ́wọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Apo. Ọlọ́kọ̀ kankan ò fẹ́ dúró gbé èrò. Láti ẹnu ọ̀nà pápá títí a fi dé Area 1, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń ti ẹnu ẹ̀gbọ́n jáde: "Kí wọ́n lé e. Kí ilẹ̀ má mọ́ bá a níbẹ̀." Mi ò dá a lóhùn, torí ohun tó wà nínú tèmi náà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, NFF, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣe ohun tá a fẹ́. Ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo ṣe ń wo gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ látìgbà náà, ó ti wá yé mi pé ìbínú la fi dájọ́ fún Augustine Eguavoen, adelé akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà náà. Ọkùnrin náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, màá sì sọ ọ́ níbí láìfi bò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Gernot Rohr, ọmọ Jámánì, ló ń kọ́ Super Eagles láti oṣù Kẹjọ 2016. Òun ló kó wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, òun náà ló sì gbé wọn dé ipò kẹta ní AFCON 2019, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Nígbà tó di 2021, eré wọn ti ń rọ̀. Central African Republic wá sí Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi góòlù kan sí òdo nà wá nínú ilé wa. Cape Verde tún wá sí Èkó kan náà ní oṣù Kọkànlá, ọ̀mì 1-1 la bá wọn ta. Síbẹ̀ náà, àwa la ṣáájú nínú ìsọ̀rí wa, a sì ti wọ ìpele tó kẹ́yìn tí wọ́n á ti mọ ẹni tó ń lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022 ní Qatar. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2021, NFF ní kí Rohr máa lọ. Ọjọ́ 28 péré ló kù kí AFCON bẹ̀rẹ̀ ní Kamẹrúùnù.

Ẹ fojú inú wo ìnáwó tí wọ́n ti lé alásè lọ nígbà tí àlejò ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Owó tiẹ̀ tún bá a lọ, torí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí NFF san owó tó lé ní 370,000 dọ́là fún Rohr nítorí àdéhùn tí wọ́n já.

Eguavoen ti wà ní NFF tẹ́lẹ̀, òun ni Technical Director wọn, ẹni tó ń bójú tó ìmọ̀ bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Wọ́n ní kó bá wọn di ipò náà mú. Kí oṣù Kejìlá tó parí, wọ́n ti kéde José Peseiro, ọmọ Pọ́túgà, pé òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, pé òǹwòran lásán ni yóò jẹ́ ní Kamẹrúùnù, kó tó wá gba iṣẹ́. Adelé ni Eguavoen, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ náà lọ, wọ́n na Íjíbítì 1-0, wọ́n na Sudan 3-1, wọ́n na Guinea-Bissau 2-0. Ọ̀pọ̀ wa ti ń sọ pé ẹni tá à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kínní 2022, Túnísíà fi góòlù kan lé wa sílé, lọ́jọ́ tí wọ́n fún Alex Iwobi ní káàdì pupa, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tó wọlé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí nìyí. Lẹ́yìn eré Túnísíà, Eguavoen fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti parí ohun tí wọ́n ní kóun ṣe, òun ń padà sídìí iṣẹ́ òun. NFF ló ní kó dúró. Ọ̀rọ̀ Peseiro tutù, wọ́n mú Emmanuel Amuneke wá láti ran Eguavoen lọ́wọ́, wọ́n sì gbé eré Gánà lé Eguavoen lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń kó ẹrù rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀ pé kó bá wọn gbé ìkòkò tó gbóná sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ìjóná ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín lẹ́yìn oṣù méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹta, ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé Gánà ní Kumasi, 0-0 ló parí sí. A dùnnú sí èsì yẹn ní Abuja. Àwọn kan ti ń ra aṣọ aláwọ̀ ewé nígbà yẹn.

Ìlú ò fara rọ rárá lọ́sẹ̀ náà. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹta, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Abuja lọ sí Kaduna, nítòsí Katari. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn wọ igbó lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo fóònù tó dún ní Abuja, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé kò sí èèyàn yín nínú ẹ̀?" Ọkàn gbogbo wa wúwo. Bí ìjọba ṣe ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣíwọ́ ní ọ̀sán nítorí eré náà, a gbà á bí ẹni tí wọ́n fún lómi mu. Mo sọ èyí torí pé ẹni tí kò bá mọ irú ilẹ̀ tó mọ́ bá wa ní ọjọ́ yẹn kò lè mọ ìdí tí ìbínú wa fi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tá a fẹ́ kí bọ́ọ̀lù ṣe fún wa lọ́jọ́ náà ju agbára bọ́ọ̀lù lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé mi pẹ̀lú fìlà funfun àti ewé lórí, ó ní, "Àbúrò, orúkọ ọjọ́ ti sọ ọ́. Kí ló kù?"

Pápá náà ń gba 60,000 èèyàn, ó sì kún bámúbámú. Ìyá kan jókòó síwájú wa pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, ó ti fi òwú dí ọmọ náà ní etí méjèèjì nítorí ariwo fèrè. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Thomas Partey, ọmọ Gánà, gba bọ́ọ̀lù, ó yí, ó sì gbá a sílé. Bọ́ọ̀lù náà ò le. Nílẹ̀ nílẹ̀ ló ń bọ̀, ó gba abẹ́ aṣọ́lé wa, Francis Uzoho, tó ti ṣubú lé e kọjá, ó yí wọ inú àwọ̀n. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Mo rí ìyá náà tó fi ọwọ́ kan yọ òwú kúrò létí ọmọ rẹ̀, ó ká a mọ́ etí ìró rẹ̀. Kò sí ariwo tó fẹ́ dí ọmọ lọ́wọ́ mọ́.

Ní ìṣẹ́jú 22, a rí pẹnárítì, William Troost-Ekong tó ṣe balógun ikọ̀ lọ́jọ́ náà sì gbá a wọlé. Ìyá náà wá òwú rẹ̀ títí, kò tètè rí i. Victor Osimhen tún sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, a ti fò sókè, a ti dì mọ́ ẹni tá ò mọ̀ rí, kí wọ́n tó sọ pé ó ti kọjá àwọn tó ń ṣọ́ ọ (offside), wọn ò sì ka góòlù náà. Ìyókù eré náà, ẹni tó wà níbẹ̀ ò lè gbàgbé bó ṣe rí. À ń ti bọ́ọ̀lù lọ, Gánà ń gbá a padà. À ń sọ bọ́ọ̀lù sókè sí Osimhen, ọmọ Gánà méjì ń bá a fò. Bó ṣe parí nìyẹn, 1-1.

A ò pàdánù ní Kumasi, a ò pàdánù ní Abuja. Òfin tí wọ́n ń lò nígbà náà ni pé bí àròpọ̀ góòlù eré méjèèjì bá dọ́gba, ẹni tó jẹ góòlù jù nílé onílé ló ń lọ. UEFA ti pa òfin yìí rẹ́ nínú àwọn ìdíje tiwọn ní Yúróòpù láti 2021, ṣùgbọ́n ó ṣì wà fún eré tiwa. Góòlù Partey tó gba abẹ́ ọwọ́ kọjá yẹn ló gbé Gánà lọ sí Qatar.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ojú tì mí láti sọ ọ́. Àwọn èèyàn já wọ inú pápá, wọ́n fọ́ ibi tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń jókòó sí, ìgò ń fò, tajútajú gba afẹ́fẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ fìlà, ó fi bo imú. Dókítà Joseph Kabungo, ọmọ Zambia tí wọ́n rán wá láti bójú tó àyẹ̀wò oògùn olóró fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, kú ní pápá náà lálẹ́ yẹn. Ó wá ṣiṣẹ́ ní ìlú wa, kò padà sílé láàyè. FIFA bu ìtanràn 150,000 francs owó Switzerland fún NFF, wọ́n sì ní a ó gbá eré kan láìsí òǹwòran.

Ní Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Kẹta, NFF kéde pé àwọn ti gba àdéhùn ọdún méjì ààbọ̀ tí àwọn fún Eguavoen àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ padà. Òun fúnra rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ Technical Director.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ọkùnrin yìí bá ṣe nǹkan tó burú débi pé kò yẹ kó tún bá ikọ̀ náà ṣe, kí ló ń ṣe ní àjọ kan náà tó ń bójú tó ìmọ̀ bọ́ọ̀lù gbogbo orílẹ̀-èdè? Bí kò bá sì ṣe ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n lé e sí? Wọ́n gbé e láti yàrá kan sí èkejì kí àwa tó wà níta lè gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tó gbá pàá, kí ara lè tù wá.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ẹ̀bi rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé láti ìgbà tá a ti dá góòlù padà ní ìṣẹ́jú 22, ohun kan náà la ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Gánà rí i pé bọ́ọ̀lù òkè ni tiwa, wọ́n kó ara wọn jọ sẹ́yìn, wọ́n ń dúró dè é. Bí nǹkan bá ti rí báyìí, iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni láti wá ọ̀nà mìíràn: kí ẹnì kan máa gbé bọ́ọ̀lù sáré gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíràn wọ àárín, kí eré má rí bákan náà lójú ẹni tó ń ṣọ́ wa. Mi ò rí ọ̀nà kejì yẹn. Àwọn tó pàrọ̀ wọlé náà, ibi tí àwọn tó jáde bá eré náà dé ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi Eguavoen nìyẹn, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹ̀bi kejì ni pé ní Kumasi, a gbá eré bí ẹni tí 0-0 tó fún, láìronú pé góòlù kan níbẹ̀ ìbá yí gbogbo ìṣirò náà padà sápá ọ̀dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n góòlù Partey ńkọ́? Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló lè bá aṣọ́lé pa ọwọ́ dé? Wilfred Ndidi tó máa ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ irú Partey ńkọ́? Ó ti fara pa ṣáájú, kò sí níbẹ̀. Ìgbà mélòó ni Eguavoen sì ní láti fi kọ́ wọn? Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù. FIFA ló ń dá ọjọ́ tí kílọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ fi wọ́n sílẹ̀, ọjọ́ náà kì í sì pọ̀. Láti ìgbà tí Túnísíà ti lé wa wálé títí di eré Kumasi, ọjọ́ díẹ̀ péré ni gbogbo wọn fi jọ wà lójú kan. Eré mẹ́fà ló fi ṣe adelé yẹn: ó borí mẹ́ta, ó ta ọ̀mì méjì, wọ́n nà án lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó lè fi eré mẹ́fà kọ́ ikọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ìdíje ku oṣù kan. Ẹni tó yan ọjọ́ tí wọ́n lé Rohr, ẹni tó kéde Peseiro tó tún yí i padà, wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ayé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ò tiẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan ṣoṣo náà.

Mo fẹ́ mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, sí Kánò. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2005, Àǹgólà wá bá wa ní pápá Sani Abacha, a ní kí a borí wọn kí ọkàn balẹ̀ nípa Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006. Jay-Jay Okocha jẹ góòlù kíákíá, Figueiredo dá a padà lẹ́yìn ìsinmi, 1-1. Ẹnu Kánò ò gbà á mọ́ra, ẹnu gbogbo Nàìjíríà náà ò gbà á. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Christian Chukwu. Ẹni tí wọ́n gbé e fún? Augustine Eguavoen ni. Ó na Algeria 5-2 nílé wọn, ó na Zimbabwe 5-1 ní Abuja, a sì ní àmì 21 bíi ti Àǹgólà. Góòlù tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òfin ọdún náà wo eré tí àwọn méjèèjì fi kojú ara wọn, Àǹgólà sì ti nà wá 1-0 ní Luanda kó tó di ọ̀mì ti Kánò. Wọ́n lọ, a jókòó. Nítorí náà, ọkùnrin yìí ti fìgbà kan jókòó sórí àga tí ọ̀mì 1-1 kan ní àríwá sọ di òfo, ọdún 17 lẹ́yìn náà ni ọ̀mì 1-1 mìíràn ní Abuja wá gbé òun náà kúrò lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni, a kì í dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ká tó léèyàn. Amodu Shuaibu gbé Nàìjíríà dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, wọ́n gba ikọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ipò kẹta ní AFCON, bàbá wa Festus Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ló wá kó wọn lọ. Ní 2010, wọ́n tún ṣe é fún Amodu kan náà, lẹ́yìn ipò kẹta mìíràn, Lars Lagerbäck ló kó wọn lọ sí South Africa.

Kí ló wá jáde nínú lílé Eguavoen? Peseiro dé ní oṣù Karùn-ún 2022, ó sì gbé wa dé àṣekágbá AFCON ní Côte d'Ivoire ní oṣù Kejì 2024, a gba fàdákà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn jà fún NFF ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá a jiyàn. Àmọ́ Peseiro náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Finidi George gba iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin, ó kọ̀wé fi í sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn ọ̀mì pẹ̀lú South Africa ní Uyo àti 2-1 tí Benin Republic fi nà wá. Ta ló ń kọ́ Benin? Gernot Rohr. Wọ́n tún kéde Bruno Labbadia, ọmọ Jámánì mìíràn, kò dé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dàrú, ta ni wọ́n tún lọ bẹ̀ kó wá di ipò náà mú? Eguavoen. Ó na Benin ti Rohr 3-0 ní Uyo ní oṣù Kẹsàn-án 2024, abẹ́ rẹ̀ la sì ti rí ààyè sí AFCON 2025. Ẹni tá a ní kí ilẹ̀ má mọ́ bá nìyẹn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2025, a wà ní ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ní Lugbe, èmi àti ẹ̀gbọ́n. Éric Chelle, tó gbà á ní oṣù Kínní ọdún náà, ti kó wọn dé Rabat fún eré tó kẹ́yìn ní Áfíríkà, tí ẹni tó bá borí ṣì ní láti gbá eré mìíràn kó tó rí ààyè lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. Frank Onyeka jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú kẹta, DR Congo dá a padà, ó di 1-1, wọ́n fi pẹnárítì borí wa 4-3. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn wa pariwo pé kí wọ́n lé Chelle lálẹ́ yẹn. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Jẹ́ kí ọkùnrin náà sinmi ná." Wọn ò lé e. Ní Mòrókò, ní oṣù Kínní 2026, Super Eagles gba ipò kẹta ní AFCON, lọ́wọ́ Chelle kan náà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe ní 2022 kò ju pé kí wọ́n dúró. Kí Eguavoen jókòó níwájú wọn pẹ̀lú àkọsílẹ̀ eré méjèèjì, kó sọ ìdí tó fi ṣe bó ṣe ṣe é, kí àwọn náà sọ ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún un ní irú àkókò yẹn, kí wọ́n sì jẹ́ ká gbọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fún un ní eré tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà láti rí AFCON tó ń bọ̀. Bí eré tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo bá tún ń jáde níbẹ̀, kó máa lọ, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Apo, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ń gbọ́, ó ń nu ọwọ́ tó kún fún òróró. Ti Rohr, ó gbà. Ti Peseiro, ó gbà. Lẹ́yìn náà, á ní, "Àbúrò, góòlù kan péré la nílò. Ìṣẹ́jú 68 la ní." Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí.